Ahéré Ni Yóò Kẹ́yìn Oko: Ọgbọ́n Tí Ó Wà Nínú Ilé Kékeré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ahéré ni yóò kẹ́yìn oko, ààtàn ni yóò kẹ́yìn ilé. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ti wa iṣu tán, tí ó ti ká àgbàdo, tí ilẹ̀ sì ti padà di igbó, ahéré ni yóò kù tí yóò máa tọ́ka sí ibi tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ní òde òní, ahéré fúnra rẹ̀ ti ń di àwátì, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kọ́ ọ sì ń bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀ lọ. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àsìkò yìí gan-an ni àwọn ènìyàn tún ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ kiri.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ nínú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jẹnẹrétọ̀ sì di ohun tí apá ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù kò ká mọ́. Ní ọdún 2024, léraléra ni iná mànàmáná kú káàkiri Nàìjíríà lọ́jọ́ kan náà. Láti ìgbà náà ni ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti ti àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ àgbẹ̀ wù, ti ń fà sí ilé kékeré kan lóko, tí yóò ní kànga tirẹ̀, ọgbà ẹ̀fọ́ tirẹ̀, àti ẹ̀rọ sólà tí ń sọ oòrùn di iná. Kì í ṣe ilẹ̀ yìí nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ wà. Ìwé ìlànà ilé kíkọ́ kan tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ti ya àfikún kan sọ́tọ̀ fún ilé kékeré nínú àtẹ̀jáde rẹ̀ ti ọdún 2018. Ilé tí ààyè ilẹ̀ inú rẹ̀ kò ju irinwó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ ni wọ́n kà sí irú rẹ̀.

Fún ọmọ Yorùbá, èyí kì í ṣe tuntun. Ahéré ni àgbẹ̀ kọ́kọ́ ń kọ́ sí oko tí ó jìnnà sí ìlú, kí òjò má baà pa á, kí ó sì rí ibi sùn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Yàrá kan péré ni. Bí ìyàwó bá bá a dé oko, yàrá kejì yóò yọ. Bí ọmọ bá dé, wọn yóò tún na ògiri síwájú. Báyìí ni ahéré ṣe ń di abà, tí abà sì ń di abúlé. Ọ̀pọ̀ abúlé ní agbègbè Ìbàdàn ni ó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀. Kíkéré ahéré kì í ṣe ti òṣì, ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọ́ ọ, kí òrùlé lè wà lórí rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ilẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n ń wà, tí wọ́n ń bu omi sí, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Ìpele ni wọ́n fi ń mọ ògiri: ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kí èkejì tó gùn ún. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ yóò wó. Ní ti òrùlé, ohun tí ilẹ̀ bá hù ni wọ́n ń lò. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, sọ pé koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn fi ń bo ilé, tí àwọn ará igbó sì ń lo ewé gbòdògì. Àní, ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń kó koríko yìí wá fún Aláàfin ní Ọ̀yọ́, láti fi bo ààfin.

Omi odò wà nínú àmù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní igun ilé, ó sì ń tutù láìsí ẹ̀rọ. Omi tí ó ń ṣàn láti etí òrùlé koríko máa ń ní àwọ̀, nítorí náà ìfọṣọ ni wọ́n ń fi í ṣe. Èéfín inú ààrò ń gòkè lọ bá àgbàdo tí wọ́n so kọ́, kòkòrò kì í sì í tètè bà á jẹ́. Àtùpà elépo ni ìmọ́lẹ̀ alẹ́. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán tètè wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé kékeré òde òní jẹ́ búlọ́ọ̀kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti páànù tí kò ní àjà lábẹ́; tí ó bá di ọ̀sán, inú wọn a gbóná bí ààrò.

Ahéré pẹ̀lú ní àléébù tirẹ̀. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lè sọ òrùlé koríko di eérú. Ikán ń jẹ igi, òjò ń gbá ẹsẹ̀ ògiri, bí ọdún bá sì gorí ọdún, òrùlé ń fẹ́ àtúnṣe. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá lè máa dí ojú ihò kí ó má kọ́ ilé amọ̀.

Ibí ni ohun tí ọ̀pọ̀ gbàgbé wà. Àwọn tí ń ronú ilé kékeré lónìí ń rò pé òmìnira ni yóò fún àwọn, pé àwọn kò ní í nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Ahéré kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: onílé yóò ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Àáró náà wà, níbi tí iṣẹ́ ti ń yípo láti oko ẹnìkan dé oko ẹlòmíràn. Ẹni tí ń fẹ́ ọmọ ẹni pàápàá máa ń kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn wá bo ilé àna. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ amọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń di òrùlé tí kò ní í jò. Nígbà tí ọ̀wẹ̀ dáwọ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé ẹ̀kọ́ ni ó tì.

Kì í ṣe pé kí gbogbo ènìyàn padà sí abẹ́ koríko. Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ nínú amọ̀ ń mú un le sí i. Páànù tí ó ní àjà lábẹ́, tí etí rẹ̀ sì gùn kọjá ògiri, ń gba òjò mímọ́ sílẹ̀ fún ìlò ilé. Ẹ̀rọ sólà kò sì ní èéfín bíi ti àtùpà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń gbèrò irú ilé yìí tó ra ohunkóhun, ó yẹ kí ó wá àgbà kan tí ó mọ ògiri rí, kí ó bi í léèrè ibi tí àgbàrá ń gbà, irú amọ̀ tí ó dára àti ìgbà tí ó yẹ kí ìpele kejì gun ti ìṣáájú. Kí ó sì mọ aládùúgbò rẹ̀ ní orúkọ. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ọwọ́ kan kò sì gbé òrùlé dé orí ògiri.