Kọ̀ǹpútà tó ń ṣini lọ́nà lórí Google: ẹ lè lé kòkòrò inú rẹ̀ jáde láìnáwó

Ẹ kọ orúkọ ọjà kan sórí Google, ẹ tẹ èsì àkọ́kọ́, ló bá di pé ojú ewé tẹ́tẹ́ tàbí ìpolówó tí ẹ kò bèèrè ló ṣí. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè ti ṣi nǹkan tẹ̀. Bó bá di ojoojúmọ́, ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ̀kì. Kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà yín, irú èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní virus.

Owó ni ẹni tó ṣe kòkòrò yìí ń wá. Àwọn olùtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sanwó fún ẹni tó bá mú oníbàárà wá sí ojú ewé wọn. Kòkòrò náà á fi ipá darí yín lọ síbẹ̀, owó á sì máa wọ àpò ọ̀gá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ nǹkan. Àfi bí ẹni gun zémidjan, tó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, tí awakọ̀ wá lọ já a sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń fún un ní owó ẹ̀yìn.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Láàárín ọdún 2007 sí 2011, àwọn ọ̀daràn kan tí ibùdó wọn wà ní orílẹ̀-èdè Ẹstóníà tan kòkòrò kan ká ayé, DNSChanger lorúkọ rẹ̀. Ó wọ kọ̀ǹpútà tó ju mílíọ̀nù 4 lọ ní orílẹ̀-èdè tó ju 100 lọ. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ kò dín ní mílíọ̀nù 14 dọ́là.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Ẹni tó fẹ́ wo fídíò ni wọ́n á sọ fún pé kó kọ́kọ́ gba ètò kékeré kan kí fídíò náà tó lè ṣí. Ètò yẹn gan-an ni kòkòrò. Gbogbo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ló ní nọ́mbà tirẹ̀. Bí a bá kọ orúkọ ojú ewé, kọ̀ǹpútà á lọ bèèrè nọ́mbà rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní DNS. Kòkòrò náà gbé ibi ìbéèrè yẹn kúrò, ó fi ti àwọn olè rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ kọ orúkọ náà bó ṣe yẹ, ọ̀nà ibòmíràn ni wọ́n á fi hàn yín. Ó tún ń dínà mọ́ ètò tó yẹ kó pa á, kò jẹ́ kí ó gba àtúnṣe tuntun.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ àwọn mẹ́fà nínú wọn ní Ẹstóníà, FBI ti Amẹ́ríkà sì gba àwọn ẹ̀rọ wọn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pa àwọn ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà tó ti kó kòkòrò kò ní lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ilé ẹjọ́ gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó mọ́ rọ́pò wọn fún ìgbà díẹ̀, títí di ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2012. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi kéde. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, kọ̀ǹpútà tó ju 200,000 lọ ni kòkòrò náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kan ní New York rán olórí wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje àti oṣù mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ìkéde. Ẹ lè tọ́jú kọ̀ǹpútà yín fúnra yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ da àwòrán àti ìwé ìṣirò ọjà yín sórí clé USB. Ẹ má sì ṣe fi nọ́mbà ìkọ̀kọ̀ báǹkì tàbí ti Mobile Money kan kọ̀ǹpútà náà títí yóò fi mọ́. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé èdè Faransé ni kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ wa ń sọ, orúkọ tí ẹ máa rí lójú rẹ̀ la kọ síbí.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ ààmì tótó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ lọ sí Extensions. Èyíkéyìí tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, ẹ tẹ Supprimer.

Ìkejì, ẹ lọ sí Paramètres ti Windows, kí ẹ wọ Applications. Ẹ to àwọn ètò náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Èyí tó bá wọlé nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, tí ẹ kò sì mọ̀ rí, ẹ fi fóònù yín wádìí orúkọ rẹ̀, torí pé ó lè jẹ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín. Bó bá jẹ́ ajẹnirun, ẹ tẹ Désinstaller.

Ìkẹta, ẹ padà sínú Chrome, ẹ lọ sí Paramètres, kí ẹ wá Réinitialiser les paramètres. Yóò dá Chrome padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì ní pa àwọn ojú ewé tí ẹ ti fi pamọ́ rẹ́.

Ìkẹrin, ẹ ṣí Sécurité Windows. Ó ti wà nínú Windows 10 àti 11, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ Protection contre les virus et menaces, lẹ́yìn náà Options d'analyse, kí ẹ mú èyí tí wọ́n kọ hors ligne sí lára. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ iná. Yóò kú, yóò tún tàn fúnra rẹ̀, yóò sì wá kòkòrò náà kí òun alára tó jí. Bí ìṣẹ́jú 15 ni.

Ìkarùn-ún, bí fóònù tó ń lo Wi-Fi ilé kan náà bá ń ṣìnà pẹ̀lú, inú àpótí Wi-Fi ni kí ẹ wò. DNSChanger máa ń wọ irú àpótí tí olówó rẹ̀ kò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á, kí ẹ sì fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tán, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín gbogbo.

Bí ẹ bá gbé e lọ fún alátùn-únṣe, tó sì ní àfi kí òun nu gbogbo inú rẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣe nǹkan márùn-ún yìí. Ìnùnù ni ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, torí ìṣirò ọjà ọdún púpọ̀ lè bá a lọ. Bí ìkìlọ̀ pupa bá sì yọ lójú kọ̀ǹpútà pé kí ẹ pe nọ́mbà kan kíákíá, ẹ má pè é. Olè náà ni.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ yẹra fún ètò olówó gọbọi tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ àti fídíò tó ní kí ẹ kọ́kọ́ gba nǹkan. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.