Ìtàn Inú Àwòrán: Àgbéyẹ̀wò Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ Ọnà Twins Seven Seven

1.0 Ìfáàrà
Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ó fi ìtàn iwin àti ẹbọra dárà ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ D. O. Fágúnwà àti Amos Tutùọlá ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ẹni kan wà tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò kọ ọ́ sínú ìwé, tí ó yà á ní àwòrán. Òun ni Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven Seven. Àwọn kan gbà pé ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ìwé gíga kò lè ṣe ju kí ó fi ọ̀dà ṣeré lọ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwòrán Twins Seven Seven jẹ́ ìtàn tí a lè kà, àti pé ẹni tí ó bá ń kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ fojú fò ó.

2.0 Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀
Ìbàdàn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní 1961 ni a dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ayàwòrán àti àwọn eléré orí ìtàgé ti máa ń pàdé. Ulli Beier, tí ó ti dé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1950, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ní 1962, òun àti Dúró Ládiípọ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì pè é ní Mbárí Mbáyọ̀. Denis Williams, ọmọ Guyana, ni ó kọ́kọ́ darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníwọ̀nba ọjọ́ níbẹ̀. Georgina Beier darí ti 1964. Rufus Ògúndélé, Jacob Afọ́lábí, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀h Bùráímọ̀ àti Adébísí Fábùnmi wà lára àwọn tí a mọ̀ mọ́ ọn.

3.0 Ìgbésí ayé Twins Seven Seven
Ní 1944 ni a bí i. Ìdílé Òṣúntókì, tí ó jẹ Baálẹ̀ Ìbàdàn láti 1895 sí 1897, ni ó ka ara rẹ̀ mọ́. Orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀ kì í ṣe àwàdà: ẹ̀ẹ̀méje ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì, òun nìkan ni ó sì ṣẹ́kù nínú gbogbo wọn. Ilé tí a ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jìrẹ́ àti àbíkú báyìí kò ní ṣàìfún ọmọ tí ó kù ní ohun tí yóò máa rò.

Ijó ni ó gbé e dé Òṣogbo. Ó ń tẹ̀lé ọkùnrin kan tí ó ń polówó oògùn, ó ń jó láti fi pe èrò. Wọ́n rí i ní Mbárí Mbáyọ̀, wọ́n sì ní kí ó dúró. Nígbà tí ó dara pọ̀ mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Georgina Beier ní 1964, kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

4.0 Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀
Tàdáwà ni ó fi ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá wo iṣẹ́ rẹ̀, a ó rí i pé kì í fi àyè sílẹ̀: ìlà, àmì àti ojú ènìyàn ni yóò fi kún ibi gbogbo. Ẹ̀dá kan lè wà nínú ikùn ẹ̀dá mìíràn. Ẹja lè ní ojú ènìyàn. Igi lè di iwin. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń tò wọ́n lé ara wọn kí àwòrán lè yọ síta bí ère. Bí alọ́ ṣe ń tinú ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn náà ni àwòrán yìí ṣe ń mú ojú òǹwòran rìn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń fi wé ìwé tí Tutùọlá gbé jáde ní 1954 lórí igbó àwọn iwin.

5.0 Ìfiwéra
Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà. Norval Morrisseau, ọmọ ẹ̀yà Ojibwa, gbọ́ ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́nu bàbá ìyá rẹ̀. Ní 1962 kan náà tí Mbárí Mbáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Toronto. Ìlà dúdú kìǹbà ni ó fi ń yí àwọ̀ títàn ká, a sì máa ń rí inú ẹranko tí ó bá yà. Àwọn àgbà kan lòdì sí i pé ó ń fi àṣírí ẹ̀yà han àjèjì. Ní 1989, iṣẹ́ àwọn méjèèjì wà nínú ìpàtẹ Magiciens de la Terre ní Paris. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Morrisseau ń bu ìtàn mímọ́ jáde, ṣùgbọ́n Twins Seven Seven ń ti ìtàn àbáláyé bọ́ sínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ dá.

6.0 Ìgúnlẹ̀
Ní 2005, àjọ UNESCO fi í ṣe Ayàwòrán fún Àlàáfíà. Síbẹ̀, ó ti jìyà ní Philadelphia, níbi tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ibi ìgbọ́kọ̀sí kí ó lè rí oúnjẹ òòjọ́. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni ó kú sí ní oṣù Òkúdù 2011. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Henry Glassie fi kọ ìwé ńlá nípa rẹ̀ ní 2010, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lókè òkun.  Bí àwa tí a ni ìtàn kò bá fi èdè wa túmọ̀ àwọn àwòrán yìí, àlejò ni yóò máa ka ìtàn ilé wa fún wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: kí wọ́n gbé àwòrán kan kalẹ̀, kí wọ́n sì pa á bí àlọ́.