Gouache Nínú Ìwé Ìyàwòrán: Ẹ̀kọ́ Láti Harlem

Ṣé ẹ rò pé owó gọbọi ni èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán yíyà? Rárá o. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀dà kan tí à ń pè ní gouache, àti ohun tí Jacob Lawrence, ayàwòrán Harlem ní New York, lè kọ́ wa.

Kí ni gouache? Ọ̀dà olómi ni. Àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, oje igi àti omi ló wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n a fi ẹfun sí i. Àwọn ọ̀dà olómi kan máa ń jẹ́ kí bébà hàn lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n gouache máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lè fi funfun kun orí dúdú!

Ọdún 1917 ni wọ́n bí Lawrence. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó dé Harlem. Ní kíláàsì ọ̀fẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, lọ́dọ̀ Charles Alston, ó fi ọ̀dà olómi tí kò wọ́n kọ́ iṣẹ́. Ní 1940 sí 1941, ó ya àwòrán 60 nípa àwọn èèyàn dúdú tó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá. Ìbátan gouache ló lò, ọ̀dà tí wọ́n fi èròjà inú wàrà pò. Ó tẹ́ gbogbo pátákó náà sílẹ̀, ó kun àwọ̀ kan sára gbogbo wọn kó tó mú òmíràn, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀ síra. 30 nínú wọn wà ní Museum of Modern Art, ní New York níbí.

Ní 1962 ó lọ sí Nàìjíríà. Ní 1964 òun àti ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, padà lọ, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù 8 ní Èkó àti Ìbàdàn. Orí bébà ló ya ọjà àti èrò ibẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú wọn ni “Street to Mbari”.

Ó yá, ẹ gbìyànjú tiyín:

1. Ẹ ra ìwé tí bébà rẹ̀ nípọn, torí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń ká kò.

2. Ẹ mú àwọ̀ mẹ́rin péré. Bíi ti Lawrence, ẹ kun ọ̀kan káàkiri ojú ìwé kí ẹ tó mú èkejì.

3. Ẹ kọ́kọ́ dán àwọ̀ wò. Tó bá gbẹ, èyí tó mọ́ máa ń dúdú díẹ̀, èyí tó dúdú a sì mọ́ díẹ̀.

4. Tí ẹ bá ń kun èkejì lé e, ẹ dín omi kù, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Omi lè tú ti ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá pò rúdurùdu.

5. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó pa ìwé dé.

Ọ̀dà díẹ̀, bébà àti ojú tó ń wo àdúgbò ti tó láti bẹ̀rẹ̀.