Ojú Ẹja fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Kò Tó

Ní ọdún 1906, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Robert W. Wood, ṣàlàyé bí ayé ti ń hàn sí ẹja. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ inú omi, a máa tẹ̀. Nítorí náà ẹja tí ó gbójú sókè nínú omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ń rí gbogbo sánmà, láti etí kan dé èkejì, nínú òbírí kan tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 97. Wood rọ omi kún kámẹ́rà tí ó ní ihò kékeré, ó sì fi ya àwòrán bí ẹja ti ń rí wa. Láti inú iṣẹ́ yìí ni orúkọ náà, ojú ẹja, ti wá.

Awò ojú ẹja tòótọ́ ń rí tó dígírì 180. Awò lásán tí í ṣe mìlímítà 50 kò rí ju bíi 47 lọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe? Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀: kí ojú awò fẹ̀, àti kí ìlà inú àwòrán tẹ̀. Ohun tí ó bá ń tẹ ìlà láìmú ojú fẹ̀, àfarawé lásán ni.

Ọ̀nà kìíní ni awò àfikún tí a ń lọ́ mọ́ iwájú awò kámẹ́rà. Kí olùrà kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àmì ø níwájú awò rẹ̀, bíi 58. Ó gbọ́dọ̀ bá ti àfikún náà mu. Bí a bá sì kọ 0.5 sára àfikún, awò mìlímítà 18 yóò máa ṣe bí mìlímítà 9. Etí àwòrán kì í mọ́ tó àárín. Bí a bá dín ihò awò kù sí f/8 tàbí f/11, yóò sàn díẹ̀.

Ọ̀nà kejì kò náni tó bẹ́ẹ̀: awò kékeré ara ilẹ̀kùn, tí à ń gbà yọjú wo àlejò. A ó gbé e síwájú fóònù tàbí kámẹ́rà kékeré, a ó sì fi bébà dúdú yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kí á yí kámẹ́rà sí àmì òdòdó, èyí tí ó wà fún ohun tí ó súnmọ́ni, nítorí ìtòsí gan-an ni àwòrán inú awò náà wà.

Ọ̀nà kẹta, kí á dúró lójú kan, kí á ya àwòrán púpọ̀ yíká, kí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan gorí ti èkejì. Hugin, ètò kọ̀ǹpútà tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, yóò so wọ́n pọ̀ di àwòrán ojú ẹja. Ṣùgbọ́n ohun tí ń rìn kò ṣeé yà báyìí: eégún tí ń jó lè di olórí méjì. Ní ti ètò tí ń tẹ àwòrán kan ṣoṣo, kò lè dá ohun tí kámẹ́rà kò rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí à ń ya àwòrán nítorí ìmọ̀. Ojú ẹja yẹ àgbàlá tóóró àti yàrá tí èrò kún. Kò yẹ ère tí ẹlòmíràn yóò fi àwòrán wọn: imú yóò gùn, etí yóò sá sẹ́yìn, ẹni tí kò rí ère náà rí yóò sì di ẹ̀bi náà ru agbẹ́gilére. Kí á máa fi awò lásán ya òmíràn tì í, kí á sì máa kọ irú awò tí a lò sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.