Mo Fẹ́ Yá Owó San Gbèsè Káàdì: Ìṣirò Tí Ìyàwó Mi Bá Mi Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ọkùnrin máa ń sọ láwùjọ. Mo jẹ gbèsè. Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń wọ aṣọ tó mọ́, bí ẹ bá sì rí mi lóde àríyá, ẹ ó rò pé owó ń bẹ. Ṣùgbọ́n 8,000 dọ́là ni mo jẹ lórí káàdì àwìn, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní kírẹ́díìtì káàdì.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ìyá mi kú ní Òṣogbo, èmi sì ni àkọ́bí. Owó ọkọ̀ òfurufú ènìyàn mẹ́rin, màlúù, aṣọ ẹbí, àga, onílù: káàdì yìí ni mo fi san gbogbo rẹ̀. N kò kábàámọ̀ pé mo sin ìyá mi dáadáa. Àwọn onílù nìkan ni mo rò pé mo náwó fún jù.

Èlé orí káàdì náà jẹ́ 24 nínú 100 lọ́dún. Èyí ni pé lóṣù kan, èlé nìkan tó 160 dọ́là. 240 ni mo ń san. 80 péré ló ń dín gbèsè gan-an kù. Ọjọ́ tí mo rí èyí, ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ló wá sí mi lọ́kàn. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé nìyẹn. Owó gan-an a sì wà níbẹ̀ láìdín. Ẹni tó bá ń san kìkì ìwọ̀nba tó kéré jù tí àwọn onígbèsè káàdì ń béèrè, ará ilé ìwọ̀fà ni. Láti inú òfin káàdì tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2009 ni ó ti di dandan kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé oṣooṣù, bí yóò ti pẹ́ tó kí ẹni tó ń san ìwọ̀nba yẹn tó bọ́. Ó wà nínú tèmi náà lóṣooṣù. N kò kà á rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló wá sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ yá owó lọ́wọ́ àwọn aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi pa ti káàdì rẹ́.”

Òwò yìí kì í ṣe tuntun mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Zopa ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005. Prosper sì ṣílẹ̀kùn ní Amẹ́ríkà ní 2006. Ẹni tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ìbáà ṣe 25 dọ́là, yóò fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni yóò para pọ̀ yá ẹnì kan, olúkúlùkù yóò sì gba èlé tirẹ̀. LendingClub, tó tóbi jù nínú wọn nígbà kan, kò gba owó aráàlú báyìí mọ́ láti ìparí 2020. Zopa náà ṣíwọ́ rẹ̀ ní 2021. Ó jọ èésú, ṣùgbọ́n kì í ṣe èésú. Nínú èésú, mo mọ ẹni tí ojú yóò ti mí níwájú rẹ̀ bí n kò bá dá owó. Níbí, àwọn tó yá mi lówó kò mọ̀ mí. Bí n kò bá san, owó wọn lè ṣòfò, orúkọ mi a sì bàjẹ́ nínú ìwé àwọn ayánilówó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wá tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà mi.

Lóru ọjọ́ kan mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n bi mí pé èló ni mò ń gbà lóṣù, èló ni mo jẹ, kí ni mo fẹ́ fi owó ṣe. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìparọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí n kò tíì sọ fún ìyàwó mi ni mò ń sọ fún àjèjì.

Wọ́n ní àwọn yóò yá mi ní 8,400 dọ́là ní èlé 14 nínú 100, fún ọdún mẹ́ta. Wọn yóò kọ́kọ́ yọ 420 tiwọn, 7,980 yóò kù sí mi lọ́wọ́. Màá máa san 287 lóṣooṣù. Bí mo ti ń yọ̀ ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: “Bàbá àwọn ọmọ, gbèsè ta nìyẹn?”

N kò ní sọ gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ kẹta ni obìnrin náà tó tún bá mi sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán. Kì í ṣe gbèsè ló bí i nínú bí kò ṣe pé mo fi pamọ́. Ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú ìwé owó ní ilé oúnjẹ kan, ìṣirò kì í sì í jẹ́ kó sùn. Ó mú bírò.

Bí mo bá ń san 240 fún káàdì, yóò gbà mí ní oṣù 56, owó yóò sì lé ní 13,300. Bí mo bá yá owó, oṣù 36 ni, 10,335. Mo pariwo pé, “Ẹ ò rí i? Èrè 3,000!”

“Ẹ dákẹ́ ná. Bí ẹ bá ń san 287 yẹn fún káàdì fúnra rẹ̀ ńkọ́?”

Ó ṣe é. Oṣù 42, nǹkan bí 11,800. Ìyẹn ni pé nínú èrè tí mò ń pariwo rẹ̀, ìdajì péré ló ti ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó wá. Ìdajì kejì ti inú 47 dọ́là tí màá fi kún un lóṣooṣù wá, tí n kò sì nílò ẹnikẹ́ni kí n tó fi kún un.

“Ọ̀rọ̀ kejì,” ó ní, “bí ẹ bá ti san káàdì yìí tán, yóò tún ṣófo. 8,000 yóò tún ṣí sílẹ̀ fún yín láti ná. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó ti di gbèsè méjì. Ta ni yóò mú káàdì yẹn dání?”

N kò lè dáhùn. Mo yọ káàdì náà láti inú àpamọ́wọ́ mi, mo gbé e sórí tábìlì.

Ohun tí a fi ẹnu kò sí ni pé oṣù mẹ́ta ni a ó kọ́kọ́ fi san 287 fún káàdì, kí a mọ̀ bóyá èjìká wa gbà á. Èlé yóò jẹ wá díẹ̀ sí i, àwọn ayánilówó sì lè yí iye wọn padà kí a tó dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí a kò sì fẹsẹ̀ kọ, èmi àti òun ni yóò jọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

A san ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Láti lè rí 47 dọ́là náà, mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé n kò ní í ra aṣọ ẹbí ọdún yìí. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún wọn.