Ṣíṣọ́ Àwọn Sáfà Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ilé-iṣẹ́: Ìpalẹ̀mọ́ Tí Ó Gbọ́dọ̀ Ṣáájú



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ ní èdè Yorùbá. Àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn a máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ láàárín ara wọn, àwa yòókù a sì jókòó máa retí ohun tí wọn yóò ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà kò bá dé, tí ìwé tí ènìyàn mẹ́fà jọ ń kọ bá di àwátì ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó, kò sí ẹni tí ọ̀ràn náà kò kàn nínú wa.

Kí a má baà fi ọ̀rọ̀ rú ara wa lójú, sáfà ni a ń pe kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Sáfà ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni èyí tí ó ń gba lẹ́tà wọlé, tí ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìpàdé, tí ó sì ń pa ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò mọ́. Lotus Notes, tí ó jáde ní ọdún 1989, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ yìí di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń rà. Microsoft Exchange tẹ̀lé e ní ọdún 1996, SharePoint sì dé ní ọdún 2001. Exchange ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé òun ni ọwọ́ mi mọ̀ jù.

Ètò aṣọ́nà, ẹ̀wẹ̀, ni ètò kọ̀ǹpútà tí a gbé kalẹ̀ láti máa wo àwọn sáfà wọ̀nyí tọ̀sán tòru, kí ó sì ké sí ènìyàn nígbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Nagios, tí Ethan Galstad bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999 lábẹ́ orúkọ NetSaint, jẹ́ ọ̀kan. System Center Operations Manager ti ilé-iṣẹ́ Microsoft jẹ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a ṣáà ti ra irú ètò bẹ́ẹ̀, kí a sì tàn án, ìṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èrò yìí ni mo wá tako. Ètò aṣọ́nà tí a kò palẹ̀ rẹ̀ mọ́ dà bí àlejò tí a fi ṣọ́ ilé: kò mọ ọmọ ilé, kò mọ olè.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ dáhùn ni èyí: kí ni ìlera sáfà lẹ́tà? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Nínú Exchange 2016 àti Exchange 2019, ètò kékeré kan wà tí ó ń yẹ lẹ́tà wò bóyá ohun búburú kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ètò náà a máa fi déètì ṣe nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀: ọdún ṣáájú, oṣù àti ọjọ́ tẹ̀lé e, òǹkà mẹ́rin mìíràn sì kẹ́yìn. Ààyè tí a ń fi nọ́ńbà yìí pamọ́ sí kò lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Ní gbogbo ọdún 2021, òǹkà 21 ni ó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, kò sì sí wàhálà. Nígbà tí ọdún yí, nọ́ńbà di 2201010001, ó sì ju ààyè rẹ̀ lọ. Ètò ayẹ̀wò náà kọṣẹ́. Exchange kò sì jẹ́ kí lẹ́tà tí a kò tíì yẹ̀ wò kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í tò sórí ìlà bí èrò ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ kò sí fún.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo fẹ́ fà yọ. Ní ọjọ́ náà, iná wà lára àwọn sáfà náà. Díìsìkì wọn ní ààyè. Bí a bá pè wọ́n láti orí ìsokọ́ra, wọ́n ń jẹ́. Ètò aṣọ́nà tí ó jẹ́ pé kìkì nǹkan wọ̀nyí ni a kọ́ ọ láti máa wò yóò kàn fi àwọ̀ ewé hàn, èyí tí í ṣe àmì àlàáfíà, nígbà tí lẹ́tà kankan kò rìn. Àwọn tí ó tètè mọ̀ ni àwọn tí ètò wọn ń ka iye lẹ́tà tí ó wà lórí ìlà, tàbí tí ó ń fi lẹ́tà àdánwò ránṣẹ́ láti àpótí kan sí èkejì, tí ó sì ń wọn àkókò tí ó gbà kí ó tó dé. Ọjọ́ ọdún tuntun sì ni. Ta ni ó wà ní ọ́fíìsì?

Nítorí náà, ìpalẹ̀mọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ̀. Operations Manager fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ Exchange, kò sì mọ SharePoint. A ní láti fún un ní àkójọ ìmọ̀ tí àwọn tí ó ṣe Exchange ti kọ, èyí tí ó sọ fún un àwọn ẹ̀yà ara tí sáfà náà ní, èyí tí ó gbára lé èyí, àti àmì tí a fi ń dá àìsàn kọ̀ọ̀kan mọ̀. Láti Exchange 2013 ni sáfà náà ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Apá kan a máa tọ́ iṣẹ́ wò lóòrèkóòrè, apá kejì a máa dájọ́ lórí ohun tí ti àkọ́kọ́ rí, apá kẹta a sì máa gbìyànjú àtúnṣe: ó lè pa iṣẹ́ kan kí ó tún un tàn, ó tilẹ̀ lè pa sáfà náà pátápátá kí ó tún un gbé dìde. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà ni yóò tó ké sí ènìyàn. Mo gbà pé ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ yóò máa ṣe kàyéfì pé ta ni ó pa sáfà òun tí ó tún un tàn ní òru.

Lẹ́yìn ìmọ̀ ni aṣojú. A ó fi ètò kékeré kan sórí sáfà kọ̀ọ̀kan kí ó máa ròyìn fún olú-ìṣọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú ńlá mọ ọdẹ òru tí ń fi irin lu òpó kí àwọn onílé lè mọ̀ pé òun kò sùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣojú yìí ń ṣe. Bí a kò bá yí i padà, gbogbo ìṣẹ́jú kan ni ó máa ń fọhùn, tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà 5723 kọjá. Bí olú-ìṣọ́ bá ti pàdánù ohùn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra, yóò kéde pé nǹkan ti ṣe aṣojú náà, yóò sì pe sáfà fúnra rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun pàápàá ti kú. Bí ògiri ààbò bá dí ẹnu ọ̀nà náà, kò sí ohun tí olú-ìṣọ́ yóò gbọ́, ó sì yẹ kí a ti yanjú èyí kí a tó gbé ohunkóhun kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yìí kàn wá gidigidi ní ilẹ̀ yìí, nítorí iná mànàmáná. Bí iná bá lọ ní ẹ̀ka kan tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dìde, àpótí tí ó so ẹ̀ka náà pọ̀ mọ́ olú ilé-iṣẹ́ lè kú nígbà tí bátìrì ṣì gbé àwọn sáfà ibẹ̀ dúró. Lójú ètò aṣọ́nà, ogún sáfà ti kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òtítọ́, kò sí èyí tí ó kú nínú wọn. Nagios a máa fi ìyàtọ̀ sáàárín sáfà tí ó kú àti èyí tí ọ̀nà rẹ̀ dí, bí a bá ti sọ fún un ohun tí ó wà níwájú èwo. Sísọ yìí ni iṣẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ya àwòrán ìsokọ́ra náà, kí ó sì kọ ọ́ sínú ètò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ariwo. Àwọn òṣùwọ̀n tí ètò aṣọ́nà ń bá wá láti ilé ni a ṣe fún ilé-iṣẹ́ tí kò sí níbì kankan, èyí tí kò tóbi tí kò sì kéré. Bí a bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ yóò máa rọ̀ bí òjò. Ní ọjọ́ kìíní, òṣìṣẹ́ yóò ka gbogbo rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, yóò ti kọ́ bí a ti ń pa á rẹ́ láìkà á. Ìgbà náà gan-an ni èyí tí ó ṣe pàtàkì yóò wọlé.

Mo ní àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Exchange kì í ṣàdéédéé kọ àyípadà sínú àkójọ lẹ́tà rẹ̀. Ó ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mẹ́gábáìtì kan láti Exchange 2007. Bí a kò bá yí ìlànà yìí padà, ìgbà tí a bá ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ tí ó yọrí sí rere ni a tó ń pa àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́. Wàyí o, ká ní iṣẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ kùnà ní ọjọ́ Ajé. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, lẹ́tà ń rìn. Ìwé àkọsílẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i títí díìsìkì yóò fi kún, àkójọ lẹ́tà yóò sì ti ara rẹ̀ pa. Àárín ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀gá yóò béèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ yìí. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ náà. Ìkìlọ̀ pé ẹ̀dà ìpamọ́ kùnà ti wọlé láti ọjọ́ Ajé, láàárín igba ìkìlọ̀ mìíràn.

Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ètò náà sí ibi àdánwò, kí a jẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹ́ pé ó jí ẹnikẹ́ni lójú oorun, kí a sì máa bi ara wa léèrè lórí ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan pé: bí èyí bá wọlé ní aago méjì òru, kí ni a ó dìde ṣe? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, kí a yí òṣùwọ̀n rẹ̀ padà, tàbí kí a sọ ọ́ di ìròyìn òwúrọ̀. Kí a sì fi àwọn àyípadà wọ̀nyí sínú àkójọ tiwa, tí a fún ní orúkọ, kí a má ṣe dà wọ́n sínú èyí tí ètò náà ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò jìyà nígbà tí ó bá fẹ́ yọ àkójọ ìmọ̀ kan kúrò. Bákan náà, tí a bá fẹ́ tún sáfà ṣe, kí a sọ fún aṣọ́nà ṣáájú, kí ó má baà kígbe olè lé onílé.

Ọ̀nà tí ìkìlọ̀ ń gbà dé ọwọ́ ènìyàn náà tó nǹkan. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, a ṣètò kí ìkìlọ̀ máa dé nípa lẹ́tà, orí sáfà kan náà tí a ń ṣọ́ ni lẹ́tà náà sì ń gbà. Sáfà kú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí a jí i dìde ní ọjọ́ Ajé, gbogbo ìkìlọ̀ pé ó ti kú wọlé pọ̀. Èmi wà lára àwọn tí ó ṣètò rẹ̀; ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí, kì í ṣe ẹ̀rín nígbà náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi dandan lé e pé kí ìkìlọ̀ ní ọ̀nà kejì tí kò kan sáfà tí a ń ṣọ́ rárá, ìbáà ṣe ti tẹlifóònù.

Ó ku ọ̀rọ̀ agbára, òun ni ó sì ń bà mí lẹ́rù jù. Aṣojú Operations Manager sábà máa ń lo agbára tí ó ga jù lọ lórí sáfà tí ó wà. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọ̀gá lórí ètò aṣọ́nà lè pàṣẹ fún aṣojú náà pé kí ó ṣe ohunkóhun níbẹ̀, àní lórí Exchange tí lẹ́tà gbogbo ilé-iṣẹ́ wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ó hàn sí gbogbo ayé pé àwọn kan ti fi ohun búburú pamọ́ sínú àtúnṣe Orion, ètò aṣọ́nà ilé-iṣẹ́ SolarWinds. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn oníbàárà tí ó gba àtúnṣe náà lè tó 18,000. Àwọn ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tí olè náà wọlé tọ̀. Ojú ọ̀nà aṣọ́nà ni wọ́n gbà wọlé. Nítorí náà, orúkọ àwọn ọ̀gá ètò aṣọ́nà kò gbọdọ̀ pọ̀ ju ti àwọn ọ̀gá sáfà lẹ́tà lọ. Lẹ́tà àdánwò kò sì gbọdọ̀ gba àpótí ènìyàn kankan kọjá: àpótí tí a dá sílẹ̀ fún àdánwò nìkan ni kí a lò, nítorí iṣẹ́ aṣọ́nà ni láti mọ̀ pé lẹ́tà dé, kì í ṣe láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìwé ẹ̀rí, èyí tí sáfà fi ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀, tí ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2020, Microsoft Teams dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan nítorí pé ọjọ́ ìwé ẹ̀rí kan ti kọjá. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ṣe é, kí àwa náà kọ́ aṣọ́nà wa láti máa ka ọjọ́ tí ó kù, kí ó sì sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú.

Nígbà tí gbogbo èyí bá wà ní ìpò, ẹ yan ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ní ọ̀sán, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá. Kí ẹnìkan dá iṣẹ́ tí ń gbé lẹ́tà dúró lórí sáfà kan, láìsọ fún ẹni tí tẹlifóònù ìkìlọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wo aago. Ní ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ni ó gbà kí tẹlifóònù tó dún. Ẹni tí ó gbé e sì béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ni ó fún wa ní nọ́ńbà òun.