Awọ Àtọwọ́dá fún Ẹni Tí Iná Jó

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ iná la mú wá, pàápàá fún ẹ̀yin alákàrà àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta kẹrosíìnì.

Bí iná bá jó awọ ara dé ìsàlẹ̀, kì í lè hù padà fúnra rẹ̀. Omi ara á máa jò dànù, kòkòrò àrùn á sì ráyè wọlé. Awọ itan aláìsàn náà ni dókítà máa ń gé láti fi bo egbò. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó ibi púpọ̀, níbo ni wọn ó ti rí awọ gé?

Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, Dókítà John Burke àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ioannis Yannas kéde awọ àtọwọ́dá ní 1981. Èròjà láti ara màlúù àti egungun rírọ̀ ẹja àkùrákùdà ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun kan bíi rọ́bà ló bo òkè. Dókítà á gé ẹran tó ti kú kúrò, á tẹ́ ẹ sójú egbò. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, iṣan ẹ̀jẹ̀ á hù wọ inú rẹ̀. Wọ́n á wá ṣí rọ́bà náà, wọ́n á fi awọ aláìsàn tó fẹ́lẹ́ bò ó. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1996.

Owó rẹ̀ kò kéré rárá. Nítorí náà, bí iná bá jó yín, ẹ da omi tútù sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin tútù tàbí epo pa á o. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.